Ẹ Má Tíì Ya Pákó Yẹn Dànù: Ìbéèrè Yín Lórí Ilé Kọ̀nà Tó Ní Ṣọ́ọ̀bù Nísàlẹ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Látìgbà tí mo ti jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ àtúnṣe ilé àtijọ́ ni mò ń ṣe ní London níbí, lẹ́tà yín ò jẹ́ kí n rímú mí mọ́, àwọn kan tiẹ̀ ń ní kí n bá àwọn wá yàrá tí wọ́n máa rẹ́ǹtì, ẹ jọ̀ọ́, èmi kì í ṣe ajẹ́ǹtì o. Èyí tó pọ̀ jù lóṣù yìí dá lórí ilé kọ̀nà, ìyẹn ilé tó gbẹ̀yìn nínú ọ̀wọ́ ilé tó so mọ́ra wọn bí eyín àgbàdo, tí ṣọ́ọ̀bù wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ kan kọjú sí títì ńlá, tí ẹ̀gbẹ́ kejì kọjú sí àdúgbò. Mo mú mẹ́rin nínú wọn, mo sì gé àwọn tó gùn jù kúrú, kẹ́ ẹ má bínú.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù kọ̀nà kan ní South London, a fẹ́ máa ta oúnjẹ ilé wa níbẹ̀, èlùbọ́, gààrí, ẹja yíyan, ẹ̀gúsí, gbogbo ẹ̀. Ojú ṣọ́ọ̀bù yẹn, pákó ni látòkè délẹ̀, ó ti gbó, òdà ara ẹ̀ ń ṣí, gíláàsì ẹ̀ wà ní kéékèèké, ilẹ̀kùn ẹ̀ sì wà lórí igun gan-an, bíi pé ẹnì kan fi ọ̀bẹ gé etí búrẹ́dì. A fẹ́ ya gbogbo ẹ̀ dànù ká fi alumíníọ̀mù àti gíláàsì gbàǹgbà kan síbẹ̀, ká wá gbé ṣọ́tà onírin síwájú ẹ̀. Láńlọ́ọ̀dù ní ká má dán an wò, pé ilé náà wà lákọsílẹ̀. Àkọsílẹ̀ kí ni? Ṣé pákó jíjẹrà náà ni ìjọba ń dáàbò bò? – Ìyá Ìbejì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire o, ọjà á tà, àwìn ò ní pa yín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tó lè kó yín sí ìjàngbọ̀n kúrò nílẹ̀. Ní England, ilé tó bá wà lákọsílẹ̀, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní listed, ìyẹn ilé tí ìjọba kọ sínú ìwé pé ó níyì kí ẹnikẹ́ni má bàa bà á jẹ́, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1990 ló wà lórí ẹ̀, ẹ ò sì gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ tó máa yí ìrísí ilé náà padà láìgba àṣẹ káńsù, ìta o, inú o, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iwájú ilé nìkan ni, rárá. Ẹni tó bá ṣe é láìgbàṣẹ, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ à ń dọ̀bálẹ̀ bẹ̀bẹ̀, adájọ́ lè bu owó ìtanràn tí kò lópin lé e tàbí kó rán an lẹ́wọ̀n tó lè tó ọdún 2. Ìpele mẹ́ta ló wà, I, II* àti II, ìpele II yìí ló pọ̀ jù, ó ju mẹ́sàn-án lọ nínú mẹ́wàá, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni tiyín. Àmọ́ ẹ gbọ́ ìròyìn ayọ̀: káńsù kì í gba kọ́bọ̀ lórí fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń tọrọ àṣẹ yẹn, ọ̀fẹ́ ni. Káńsù máa ń ní òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó ilé àtijọ́, ẹ lọ bá a kẹ́ ẹ tó ra ìṣó kan ṣoṣo. Tí ẹ bá máa gbé pátákó tó ń tanná, ìwé àṣẹ tiẹ̀ lè yàtọ̀ o. Ṣọ́tà onírin tí ò ní ihò yẹn, ẹ gbàgbé ẹ̀, ọ̀pọ̀ káńsù ò fẹ́ rí i níwájú irú ilé bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọ́n sábà máa ń gbà kẹ́ ẹ fi onírin alásẹ́ sínú, lẹ́yìn gíláàsì.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sórí pákó jíjẹrà. Ohun tí mo máa ń bi gbogbo oníbàárà mi kí wọ́n tó gbé hámà ni pé, kí ni nǹkan yìí ń ṣe níbẹ̀? Torí lára ojú ṣọ́ọ̀bù àtijọ́, kò fẹ́ẹ̀ẹ́ sí pákó kan tó wà fún fáàrí lásán. Ẹ rọra sọdá sí òdìkejì títì kẹ́ ẹ wo ilé yín dáadáa. Òkè, àjà méjì tàbí mẹ́ta, bíríkì ni gbogbo ẹ̀, ó wúwo. Ìsàlẹ̀ wá jẹ́ kìkì gíláàsì àti ilẹ̀kùn. Kí ló gbé bíríkì òkè yẹn dúró? Igi ni! Igi ńlá kan sùn gbalaja lẹ́yìn pátákó orúkọ ṣọ́ọ̀bù, láti ògiri kan dé ìkejì, àwọn káfíńtà ibí ń pè é ní bressummer, òun ló ru gbogbo ògiri iwájú lórí bí aláàárù. Tiyín tó jẹ́ ilé kọ̀nà, méjì ni wọ́n, ọ̀kan fún títì kọ̀ọ̀kan, orí igun ni àwọn méjèèjì ti pàdé, òpó kan ṣoṣo ló sì máa ń gbà wọ́n dúró níbi tí wọ́n ti pàdé yẹn, ó lè jẹ́ igi, láyé Queen Victoria ó sábà máa ń jẹ́ irin. Òpó yẹn lẹ máa ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n fi pákó wé tí wọ́n kùn lódà, ẹni tí ò mọ̀ á rò pé ẹ̀ṣọ́ ni.

Ó ṣojú mi rí. Ọkùnrin kan tó ń ta fóònù, ó ní òpó ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ń dí òun lọ́wọ́, ó fi ayùn ya pákó ara ẹ̀, ó bá igi nínú ẹ̀, ó tún gé lára igi yẹn kí káńtà òun lè wọlé. Kò pẹ́ tí ayálégbé òkè fi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé wíńdò òun ò ṣí mọ́, pé ilẹ̀kùn yàrá òun ń ha ilẹ̀, wọ́n ní ojú ọjọ́ ló fà á. Nígbà tí wọ́n fi máa pè mí, mo gbé sípírítì, ìyẹn ohun èlò tí a fi ń wo bóyá nǹkan dọ́gba, lé etí wíńdò, ilé ti ń tẹ̀ sí ìhà kọ̀nà. Owó tí wọ́n fi gbá ilé yẹn ró, mi ò ní sọ ọ́, kẹ́ ẹ má baà sọ pé mò ń dẹ́rù bà yín.

Ẹ wá jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ẹ rí pákó tó yọ ètè síta lókè pátápátá yẹn? Ètè yẹn ló ń ta omi òjò jìnnà sí ohun gbogbo tó wà lábẹ́ ẹ̀, òjé ni wọ́n máa ń tẹ́ sórí ẹ̀, tí òjé yẹn bá ti ya, omi á máa yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀, orí bressummer ló máa balẹ̀ sí. Nítorí náà tí ẹ bá lówó àtúnṣe ibì kan ṣoṣo lọ́dún yìí, òjé yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ná an lé lórí. Abẹ́ ẹ̀ ni pátákó orúkọ wà, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń tẹ̀ síwájú díẹ̀, torí kí ẹni tó wà nílẹ̀ lè kà á láìgbọ́rùn sókè jù. Ẹ mọ̀ pé tẹ́lẹ̀rí, wọn ò kọ orúkọ sára ṣọ́ọ̀bù? Pátákó tí wọ́n yàwòrán sí ni wọ́n máa ń so kọ́ lórí irin, á yọ sí títì, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀wé kà, ilé náà ò sì ní nọ́ńbà, àwọn pátákó yẹn ń dí afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀, àwọn míì ń já lé èèyàn lórí. Láàárín àwọn ọdún 1760 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já wọn lulẹ̀ ní London, tí orúkọ wá lẹ̀ mọ́ ara ilé. Ibi tí pátákó orúkọ yín ti wá nìyẹn.

Àwọn òpó pẹlẹbẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, tí wọ́n gbẹ́ orí wọn bí ewé tó ká, àwọn ló ń fi hàn pé ibí ni ṣọ́ọ̀bù tèmi parí sí, tìrẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Nínú ọ̀wọ́ ilé tó so mọ́ra, ààlà ṣe pàtàkì o. Ògiri kékeré tó wà lábẹ́ wíńdò, ó ń gbé gíláàsì sókè kúrò níbi tí ẹrẹ̀ títì ti ń ta sí i, kúrò níbi ẹsẹ̀ ọmọdé, nígbà yẹn kúrò níbi táyà kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin náà. Tí ẹ bá rí irin alásẹ́ lára ẹ̀, ẹ má fi sìmẹ́ńtì dí i, yàrá abẹ́ ilẹ̀ ló ń gba ibẹ̀ mí.

Gíláàsì kéékèèké yẹn wá ni ìwé ìbí ilé yín. Láyé ìgbà yẹn, ẹnu ni wọ́n fi ń fẹ́ gíláàsì, wọ́n á wá máa yí i lórí ọ̀pá títí á fi fẹ̀ bí àwo, inú àwo yẹn ni wọ́n ti ń gé e, kò lè tóbi, àárín ẹ̀ tiẹ̀ máa ń ní kókó. Owó orí sì wà lórí gíláàsì títí wọ́n fi pa á rẹ́ ní 1845, lẹ́yìn ìgbà náà ni gíláàsì gbàǹgbà wá di ti gbogbo ọlọ́jà. Fún ìdí èyí, tí pákó àárín gíláàsì yín bá tín-ín-rín tó sì jẹ́ pé àtilẹ̀bẹ̀rẹ̀ ló ti wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ojú ṣọ́ọ̀bù yẹn ti wà kí wọ́n tó bí ìyá ìyá ìyá yín. Tí ohun tí ẹ bá wò nínú gíláàsì ẹ̀ bá ń mì bí omi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lù, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ ọ, kódà bí ẹ bá ní owó bí òkun, ó máa ṣòro kẹ́ ẹ tó rí irú ẹ̀ rà lọ́jà. Wíńdò tó yọ ikùn síta náà ní òfin tiẹ̀, òfin ìkọ́lé London ti 1774 ní wíńdò ṣọ́ọ̀bù ò gbọdọ̀ yọ ju íńṣì 10 lọ, ní títì tó bá fẹ̀ dáadáa ni ìyẹn o, títì tóóró kò tó bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀kùn orí igun wá ńkọ́? Ẹ̀yin ọlọ́jà ló yẹ kẹ́ ẹ ṣàlàyé èyí fún mi. Ẹni tó ń bọ̀ láti títì ńlá rí i, ẹni tó ń bọ̀ láti inú àdúgbò rí i. Níbo ni wọ́n ń tẹ́ ọjà sí nílé wa, ṣebí oríta ni!

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe kò le. Ẹ wá káfíńtà tó mọ iṣẹ́ wíńdò àtijọ́, kó fi ọ̀bẹ ṣóńṣó gún pákó yẹn káàkiri, ibi tó bá rà nìkan ni kó gé, kó fi igi tuntun so ó, igi àtijọ́ yẹn le ju èyí tí wọ́n ń tà fún wa báyìí lọ, ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ nìkan ló sábà máa ń jẹrà. Kẹ́ ẹ wá fi òdà tó dáa kùn ún. Mo búra, ẹja yíyan yín á dùn ún wò lẹ́yìn gíláàsì kéékèèké yẹn ju ẹ̀yìn alumíníọ̀mù lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àárọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mo ń gbé ní East London. Mo máa ń rí ilé kọ̀nà tó jẹ́ pé wọ́n fi bíríkì dí wíńdò ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ọ̀rẹ́ mi òyìnbó ní torí owó orí wíńdò ni. Ṣé òótọ́ ni àbí ó ń fi mí ṣeré? Àti pé, kí ló dé tí mi ò kì í rí òrùlé àwọn ilé yẹn? Irin bí lẹ́tà X tó wà lára ògiri náà ńkọ́? – Ọmọ Ẹ̀pẹ́

Àbúrò, ọ̀rẹ́ ẹ ò parọ́, ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n tán. Owó orí wíńdò wà lóòótọ́, láti 1696 títí di 1851, bí wíńdò ilé ẹ bá ṣe pọ̀ tó ni owó ẹ ṣe máa pọ̀ tó, àwọn kan sì dí tiwọn lóòótọ́. Àmọ́ ilé kọ̀nà ní àṣírí míì. Ògiri ẹ̀gbẹ́ yẹn, ẹ̀yìn ẹ̀ gan-an ni ihò èéfín ààrò tàbí àtẹ̀gùn sábà máa ń wà, wọn ò lè fi wíńdò síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ògiri gbalasa tí kò ní nǹkan kan lójú títì ò wu ẹni tó kọ́ ọ, ló bá ya ojú wíńdò sí i, ó fi bíríkì kún un láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Wíńdò irọ́ ni! Tí o bá fẹ́ mọ̀, wo bíríkì tó wà nínú ẹ̀ dáadáa, tí àwọ̀ ẹ̀ àti ìtò ẹ̀ bá bá ti ara ògiri mu, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, tí ó bá yàtọ̀, a jẹ́ pé ẹnì kan ló wá dí i lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ òrùlé, iná ló fà á. Ní September 1666, iná jó London fún ọjọ́ bíi mẹ́rin, ó jẹ ilé tó ju ẹgbẹ̀rún 13 lọ, igi sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1667 ní bíríkì tàbí òkúta ni kí wọ́n máa fi kọ́ ògiri, ó tiẹ̀ sọ bí ògiri ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó fún irú ilé kọ̀ọ̀kan. Òfin 1707 wá ní kí igi òrùlé má yọ síta lójú títì mọ́, kí wọ́n gbé ògiri iwájú kọjá òrùlé, òfin 1709 tún ní kí wọ́n ti férémù wíńdò wọnú ògiri ní íńṣì 4 kí iná má baà rí i gbá mú. Nítorí náà òrùlé wà, ó kàn fi ara pamọ́ sẹ́yìn ògiri ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tiẹ̀ dà bí ìwé tí wọ́n ṣí sílẹ̀, apá méjèèjì ga, àárín kòtò, omi á gba àárín yẹn lọ sẹ́yìn ilé. Tí ewé bá dí gọ́tà àárín yẹn, orí bẹ́ẹ̀dì ẹni tó ń gbé lókè ni omi máa wá.

Irin X yẹn, ilé kọ̀nà ló nílò ẹ̀ jù. Ilé tó wà láàárín, aládùúgbò ọ̀tún ń tì í, aládùúgbò òsì ń tì í, kò síbi tó fẹ́ wó sí. Ẹni tó wà ní ìparí ìlà ò rẹ́ni gbé ẹ̀yìn tì. Ògiri ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ a máa wú síta díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ọdún, wọ́n á wá fi ọ̀pá irin kọjá láti inú, wọ́n á so ó mọ́ igi àjà, X tàbí S tàbí àwo róbótó tí o rí níta yẹn ni ìdè ẹ̀. Má bẹ̀rù ẹ̀, ilé tí wọ́n ti dè nìyẹn, èyí tó wú tí wọn ò dè ni kí o sọdá fún.

Níwọ̀n ìgbà tí o wà ní East London, fẹsẹ̀ rìn lọ sí Artillery Lane ní Spitalfields lọ́jọ́ Sátidé kan, wo nọ́ńbà 56. Ojú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ṣe síbẹ̀ ní nǹkan bíi 1756 fún àwọn oníṣòwò aṣọ sẹ́dà ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, ìpele I ni, mi ò tíì rí èyí tó jù ú lọ ní gbogbo London. Ìran àwọn ará Faransé tí inúnibíni ẹ̀sìn lé wá sí ilẹ̀ yìí ló ń hun sẹ́dà ládùúgbò yẹn. Láti ibẹ̀, bọ́ sí kọ̀nà Fournier Street àti Brick Lane, ilé ìsìn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ́ ní 1743 fún àwọn ará Faransé yẹn, ó di sínágọ́gù àwọn Júù ní 1898, ó di mọ́ṣáláṣí ní 1976. Bíríkì kan náà o! Tí ẹsẹ̀ ò bá tíì máa dùn ẹ́, lọ wo ṣọ́ọ̀bù agboòrùn James Smith & Sons lórí igun ní New Oxford Street, wọ́n ti wà níbẹ̀ láti 1857. Gbogbo ara ẹ̀ ni wọ́n kọ ọjà sí, agboòrùn obìnrin, pàṣán ẹlẹ́ṣin, títí kan ọ̀pá ìtilẹ̀ tí wọ́n fi idà pamọ́ sínú ẹ̀. Má lọ bèèrè idà o, kí n má baà wá gba béèlì ẹ.

Ẹ̀gbọ́n, láti Èkó ni mo ti ń kọ̀wé. Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ yìí, ṣebí a ní in nílé? Petẹ́ẹ̀sì àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti Brazil padà wálé, ní Lagos Island, ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, ìdílé lókè, orí kọ̀nà. Kí ló dé tó jẹ́ ti London lẹ ń polongo? – Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ọmọ Èkó, o gbá mi mú. London ni mò ń polongo torí ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun, ṣùgbọ́n òótọ́ lo sọ, ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, ìdílé lókè, kò sí ìlú ọlọ́jà tí kò mọ̀ ọ́n. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ilé London jẹ́ ọ̀kan nínú ọ̀wọ́, ẹnì kan ṣoṣo lè kọ́ ogún pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó tà á tàbí kó fi háyà. Petẹ́ẹ̀sì Àgùdà sábà máa ń dá dúró, ìdílé kan ló ni ín, orúkọ ìdílé náà ló sì ń jẹ́. Ti London, bíríkì ló fi ń ṣe fújà, ti Àgùdà, ìrẹ́lé ni wọ́n fi ń ṣe òdòdó sórí wíńdò, wíńdò ẹ̀ á tẹ̀ bí òṣùmàrè, òdà ẹ̀ á máa dán. Iṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn bàbá wa kọ́ lóko ẹrú ní Brazil, tí wọ́n gbé padà wálé ni, bíi ti João Baptista da Costa tó wà nídìí kíkọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894.

Èyí tó bá ohun tí à ń sọ mu jù lọ ni Ilojo Bar ní Tinubu Square. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní 1855, ọtí àti oúnjẹ ni wọ́n ń tà nísàlẹ̀, nígbà tó di 1933 ìdílé Ọláìyá rà á. Ní 1956 ìjọba kéde ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ìyẹn ni pé ó wà lákọsílẹ̀ bíi ti Ìyá Ìbejì tó wà lókè yìí. Ní September 2016, wọ́n wó o. Lọ́jọ́ Sunday! Èmi wà níbi iṣẹ́ nígbà tí wọ́n fi fótò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, mo ń fi irin ìfádà fá òdà lára ojú ṣọ́ọ̀bù òyìnbó kan ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń fá orí ọmọ tuntun, mo wo fótò yẹn, mo gbé irin náà sílẹ̀, mo jókòó. Àkọsílẹ̀ ti London ní ẹ̀wọ̀n lẹ́yìn. Tiwa náà ní òfin, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ṣé wàá bá mi wá ẹni tí wọ́n fi ṣẹ̀wọ̀n nítorí ẹ̀?

Tí ìdílé tìẹ bá ṣì ní ọ̀kan lọ́wọ́, jọ̀ọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í ya fótò ẹ̀ báyìí, tinú tòde.

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Bíríkìlà ni mí láti Ìbàdàn, ọdún mẹ́rìnlá lẹ́nu iṣẹ́. Mo ń bá àwọn kan ṣiṣẹ́ lára ilé àtijọ́ kan níbí, fọ́máàmù ò jẹ́ kí n fi sìmẹ́ńtì dí àárín bíríkì, ó ní láìmù, ìyẹn ẹfun ìkọ́lé tí wọ́n fi òkúta sísun ṣe, ni. Láìmù ò tètè gbẹ, ó rọ̀. Ṣé kì í ṣe pé ó ń fi àkókò ṣòfò? – Ọ̀gá Bíríkìlà

Ọ̀gá mi, mo kí yín. Ẹ rántí ilé alámọ̀ ní abúlé, tí ọmọ onílé bá rówó tó ní kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ojú ẹ̀ kó lè dà bí ilé búlọ́ọ̀kù. Lẹ́yìn òjò mélòó kan kí ló máa ń ṣẹlẹ̀? Sìmẹ́ńtì yẹn á ya, á dúró bí èèpo, ẹ bá fọwọ́ kàn án á já lulẹ̀ ní odindi, amọ̀ á sì máa wó lẹ́yìn ẹ̀. Nǹkan kan náà nìyẹn. Bíríkì àtijọ́ ibí rọ̀, ó ń mu omi, ó sì ń tu omi yẹn jáde. Àárín tó jẹ́ láìmù rọ̀ ju bíríkì lọ, ibẹ̀ ni omi ń gbà jáde, tí ilé bá sì mira díẹ̀, láìmù ló ń gba ìyà ẹ̀. Tí ẹ bá fi sìmẹ́ńtì dí i, omi ò ríbi gbà mọ́ ju ojú bíríkì lọ, tó bá wá di àsìkò òtútù, omi yẹn á di yìnyín nínú ẹ̀, yìnyín máa ń wú, ojú bíríkì á fò dànù. Inú ilé á máa rin, wọ́n á ní ilé ń yọ omi látilẹ̀, wọ́n á pe àwọn tó ń gún ògiri lábẹ́rẹ́ oògùn tó ń dí omi. Bẹ́ẹ̀ sìmẹ́ńtì tó wà láàárín bíríkì ló fà á.

Fọ́máàmù yín mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ máa fi omi rin àárín bíríkì kẹ́ ẹ tó fi láìmù sí i, kẹ́ ẹ fi àpò bò ó tí oòrùn tàbí afẹ́fẹ́ bá le, kẹ́ ẹ má sì ṣe é nígbà tí òtútù bá ń mú ilẹ̀ dì. Ọwọ́ yín á mọ́ ọn kíákíá, ẹni tó ti rẹ́lé fún ọdún mẹ́rìnlá kò ní pẹ́ mú u.

Kí n tó gbé kálámù sílẹ̀: Ìyá Ìbejì tún kọ̀wé. Wọ́n ní àwọn yọ pílíwúùdù tí ẹni tó lo ṣọ́ọ̀bù yẹn ṣáájú kàn mọ́ iwájú, àwọn sì bá pátákó orúkọ àtijọ́ lábẹ́ ẹ̀, wọ́n fi òdà góòlù kọ lẹ́tà sí i, ó ti ṣí níbi púpọ̀, èyí tó ṣì ṣeé kà ò ju "& SON, PROVISIONS" lọ. Wọ́n ní ṣé kí àwọn kùn ún. Ẹ má kùn ún, mo bẹ̀ yín! Ẹ ya fótò ẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ káńsù yẹn, ẹ fi orúkọ tiyín sórí pákó fẹ́lẹ́ míì tẹ́ ẹ máa gbé síwájú ẹ̀, kó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè kọjá, kí ìṣó ẹ̀ má sì kan lẹ́tà kankan. Ẹ tún lè bi wọ́n bóyá wọ́n á jẹ́ kẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn sílẹ̀ níta bó ṣe wà, torí provisions náà kúkú lẹ fẹ́ tà.